Ẹja Ńlá Tó Pòórá: Ìtàn Kíka Ẹja, láti Odò Ouémé dé Adágún Kainji

Àwa ará orí ilẹ̀ gíga Kétu kì í ṣe ọmọ olómi. Àgbẹ̀ ni wá, ọdẹ ni wá, ọlọ́jà sì ni àwọn ìyá wa. Lórí ilẹ̀ pupa wa yìí, omi kì í sí nítòsí: kànga jìn, omi òjò sì ni ọ̀pọ̀ ilé ń tọ́jú pa mọ́ de ọ̀gbẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jáde láti Kétu, tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, tó sì la igbó Dogo kọjá, yóò bá ara rẹ̀ létí odò Ouémé, tí gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 510. Kò sí odò mìíràn tó gùn tó o ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Bí a kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n wẹ̀, a mọ ẹja rẹ̀ lọ́jà, ní tútù àti ní yíyan.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ni pé odò yìí lórúkọ láàárín àwọn onímọ̀ ẹja káàkiri ayé. Nígbà tí wọ́n bá ń ṣàlàyé fún akẹ́kọ̀ọ́ bí ẹja ńlá ṣe ń tán nínú omi láìjẹ́ pé ọjà fura, Ouémé wà lára àwọn odò tí wọ́n máa ń tọ́ka sí. Orúkọ náà kì í ṣe orúkọ rere. Síbẹ̀ ó yẹ kí ọmọ Kétu mọ ìtàn tó bí i, pàápàá ní àkókò tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ìsédò ńlá kan, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní barrage, ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ wa níbẹ̀.

Ìtàn náà lọ báyìí. Ní àárín ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, ẹja ńlá ń bẹ lára ohun tí àwọn apẹja Ouémé ń kó wálé: capitaine, tí orúkọ ìjìnlẹ̀ rẹ̀ ń jẹ́ Lates niloticus, àti ẹja òsàn, tó rí gbọọrọ bí ejò. Àwọn méjèèjì jẹ́ apẹjajẹ, ìyẹn ẹja tí ń pa ẹja mìíràn jẹ. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, èrò ń pọ̀ ní àfonífojì náà, àwọ̀n náílọ́ọ̀nù dé, ojú àwọ̀n sì ń kéré sí i. Àwọn ẹja ńlá ni wọ́n kọ́kọ́ di àwátì. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn ní títóbi gba ipò wọn nínú àwọ̀n. Nígbà tó yá, àwọn yẹn náà dín kù, ó wá ku àrọ̀, ẹpìyà, àti àwọn ẹja wẹ́wẹ́ tí ń tètè dàgbà, tí ń tètè bímọ. Ohun tó bà wá lẹ́rù jù nínú ìtàn yìí ni pé, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìwọ̀n àpapọ̀ ẹja tí wọ́n ń kó kò fi bẹ́ẹ̀ dín kù. Apẹ̀rẹ̀ ṣì ń kún. Ẹni tó ń gbé apẹ̀rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n lásán, tí kò wo inú rẹ̀, yóò búra pé ara odò náà le.

Lára àwọn tó wo inú apẹ̀rẹ̀ ni Robin Welcomme, onímọ̀ ẹja ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ṣiṣẹ́ ní Dahomey, bí orílẹ̀-èdè wa ti ń jẹ́ nígbà náà, ní nǹkan bí ọdún 1970. Òun náà ló kọ̀wé ní ọdún 1972 lórí acadja, ìyẹn ẹ̀ka igi tí àwọn apẹja ń rì mọ́ ìsàlẹ̀ ọ̀sà etíkun wa kí ẹja lè fi ṣe ilé. Ní ọdún 2004, Philippe Lalèyè ti Université d'Abomey-Calavi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àkójọ ẹja Ouémé jáde: irú ẹja 122 ni wọ́n kà. Nígbà tí a bá ka iye yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹnu a máa yà wọ́n, nítorí àwọn tí wọ́n lè dárúkọ kì í tó mẹ́wàá.

Kí ló dé tó fi jẹ́ pé apẹjajẹ ló ń kọ́kọ́ lọ? Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ náà wé igbó, nítorí igbó la mọ̀. Ẹtu lè pọ̀ nínú igbó kan, ṣùgbọ́n ẹkùn tí igbó náà lè bọ́ kò lè pọ̀, nítorí ẹkùn kan ṣoṣo yóò jẹ ọ̀pọ̀ ẹtu kí ọdún tó yípo. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú omi. Capitaine lè gùn tó mítà méjì, ṣùgbọ́n kó tó tóbi, ó ti gbé ẹja àti edé tí kò lóǹkà mì. Ó ń gbà á lọ́dún díẹ̀ kí abo rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yé ẹyin, nígbà tí ẹja wẹ́wẹ́ lè dàgbà kó sì bímọ láàárín ọdún kan. Nítorí náà, àwọ̀n olójú kéékèèké tí wọ́n dẹ sílẹ̀ de ẹja wẹ́wẹ́ a máa kó ọmọ capitaine mọ́ wọn kí ó tó mọ adùn ayé. Owó rẹ̀ sì tún ga lọ́jà. Ta ni yóò rí i kó dá a padà sómi?

Ọ̀nà kan ṣoṣo ni igbó àti omi fi yàtọ̀, ìyàtọ̀ náà kò sì kéré. Ọdẹ Kétu tó mọṣẹ́ lè wo ipasẹ̀, ìgbẹ́ ẹran àti koríko tó tẹ̀, kó sì sọ fún ọ bóyá ẹran pọ̀ nínú igbó tàbí wọ́n ti ń tán. Ẹja kì í fi ipasẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ omi ní láti kà, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì tún kà lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Kíkà yìí kì í ṣe idán. Kò sẹ́ni tó lè fa adágún gbẹ kó tó ka ẹja inú rẹ̀, nítorí náà àwọn onímọ̀ a máa dẹ ọ̀wọ́ àwọ̀n tí ojú wọn kò dọ́gba, láti èyí tí ìka kò lè wọ̀ dé èyí tí ọwọ́ lè gbà kọjá, síbì kan náà, ní àsìkò kan náà, lọ́dọọdún. Wọn a wọn ẹja kọ̀ọ̀kan, wọn a sì tú ikùn àwọn apẹjajẹ láti mọ ohun tí wọ́n jẹ. Ní èbúté, akọ̀wé kan a jókòó pẹ̀lú òṣùwọ̀n àti ìwé: irú ẹja wo ló dé, ó wọn kìlò mélòó, ọkọ̀ mélòó ló jáde, àwọ̀n mélòó ni wọ́n dẹ? Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yìí ni àwọn ènìyàn sábà máa ń fojú tín-ín-rín, òun sì ni ọba wọn. Ká ní apẹja kan fi àwọ̀n mẹ́wàá mú 100 kìlò ẹja lónìí. Ká ní, lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ó di dandan kó dẹ àwọ̀n ogójì kó tó rí 100 kìlò náà. Oúnjẹ tó dé ọjà kò yí padà, owó lè má yí padà, ṣùgbọ́n ẹja inú omi ti dín kù gidigidi. Àwọ̀n tí a kà ló sọ ọ́ fún wa. Òṣùwọ̀n nìkan kò lè sọ ọ́.

Láti rí ibi tí wọ́n ti ka ẹja kí odò tó di adágún, a ní láti fi Ouémé sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí a lọ sí odò Ọya, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Niger. Odò yìí ń fara kan ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ní Malanville, kó tó wọ Nàìjíríà lọ, kó sì dé Bussa ní ilẹ̀ Borgu. Àwọn ará Bussa àti àwọn Ìbàrìbá Nikki ti orílẹ̀-èdè wa kì í ṣe àjèjì sí ara wọn. Ààlà tí àwọn Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fà ló pín Borgu sí méjì, bó ti pín àwa Kétu náà. Ní Bussa yìí ni Mungo Park, arìnrìn-àjò ará Scotland, bá odò lọ ní ọdún 1806, níbi tí omi ti ń já lórí àpáta. Àpáta wọ̀nyẹn kò hàn mọ́ lónìí. Abẹ́ adágún ni wọ́n wà.

Ní ọdún 1964 ni iṣẹ́ ìsédò Kainji bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1968, wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Ní oṣù kejì ọdún 1969, Ọ̀gágun Yakubu Gowon wá ṣí i fún iṣẹ́. Adágún tó ti ibẹ̀ jáde gùn tó kìlómítà 136, ó sì gba ilẹ̀ tó tó 1,270 kìlómítà níbùú lóròó. Àwọn ènìyàn tó lé ní 40,000 ló ṣí kúrò nílé bàbá wọn. Bussa àtijọ́ rì pẹ̀lú ààfin rẹ̀, wọ́n sì kọ́ New Bussa dípò. Ìyẹn nìkan tó ìtàn fún àròkọ mìíràn, àwa kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ẹja ló ṣe pàtàkì ju ènìyàn lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣí lọ náà, ẹja ni ọ̀pọ̀ nínú wọn padà wá fi ṣe oúnjẹ òòjọ́.

Ohun tó jẹ́ kí Kainji yàtọ̀ ni pé àwọn kan ti ń ka ẹja níbẹ̀ kí omi tó ga. Àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Liverpool ti wà lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì ti tẹ ìròyìn wọn àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1965, ọdún mẹ́ta kí ilẹ̀kùn tó tì. Nígbà tí àwọn kọ́lékọ́lé fi ìsé gbà-díẹ̀ dí apá ọ̀tún odò náà kí wọ́n lè rí ilẹ̀ gbígbẹ ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ẹja há sínú omi tó kù níbẹ̀. Àwọn mìíràn ìbá kó o jẹ, kí wọ́n sì gbàgbé. Àwọn onímọ̀ méjì, Motwani àti Kanwai, ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀: irú èyí, irú tọ̀hún, ìwọ̀n rẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, a mọ ohun tó wà nínú odò kí odò tó kú. Ẹ má gbàgbé pé láti ọdún 1967 ni Nàìjíríà ti wà nínú ogun abẹ́lé. Ó wù wá láti yìn àwọn tó ń wọn ẹja, tí wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀, ní irú àkókò bẹ́ẹ̀.

Kí ni ìwé wọn fi hàn wá? Ẹja tí ẹnu rẹ̀ gùn bí ọwọ́jà erin, tí wọ́n ń pè ní mormyre ní èdè Faransé, pọ̀ nínú odò; nígbà tí odò di adágún, ó dín kù púpọ̀. Citharinus, ẹja pẹlẹbẹ funfun tí ń jẹ ohun jíjẹrà inú ẹrọ̀fọ̀, rí oúnjẹ rẹpẹtẹ nínú igbó àti koríko tó rì, ó sì pọ̀ bí eéṣú. Ní nǹkan bí ọdún 1970, ẹja tí àwọn apẹja kó jáde nínú adágún tuntun náà tó 28,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún. Àwọn apẹja láti ọ̀nà jíjìn ya bo ibẹ̀. Ṣùgbọ́n igbó tó rì jẹrà tán, oúnjẹ ọ̀fẹ́ náà parí. Nígbà tó fi máa di òpin ọdún mẹ́wàá náà, ohun tí wọ́n ń kó kò tó 6,000 tọ́ọ̀nù mọ́.

Àwọn apẹjajẹ ńkọ́? Ní Kainji, capitaine ò dá wà. Ẹja eléyín wà níbẹ̀ pẹ̀lú, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní poisson-chien, tí eyín rẹ̀ hàn síta bí ti ajá tó ń bínú. Hydrocynus ni orúkọ ìjìnlẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1974, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Lewis tẹ ohun tó rí nínú ikùn ẹja yìí jáde: ẹja wẹ́wẹ́ kan tó bá sáwá inú òkun tan, tí kì í gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Àwọn apẹja kì í kọbi ara sí ẹja wẹ́wẹ́ yìí nígbà náà, nítorí àwọ̀n wọn kò lè mú un. Ẹni tó bá ń wo ìwé èbúté nìkan lè rò pé kò sí irú rẹ̀ nínú adágún. Ikùn apẹjajẹ ló fi hàn pé ó kún inú omi fọ́fọ́. Láàárín àwọn ọdún yẹn náà ni Otobo, onímọ̀ mìíràn ní Kainji, kọ̀wé pé ẹja wẹ́wẹ́ yìí lè di òwò ńlá lọ́jọ́ iwájú. Ó rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, àmọ́ kì í ṣe fún ire gbogbo ẹja.

A fẹ́ dúró díẹ̀ lórí omi adágún náà, nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń rò pé adágún kò ní àsìkò bíi ti odò. Omi méjì ló ń wọ Kainji lọ́dún. Àkọ́kọ́ ni omi funfun, tó ń ti òjò àyíká wá ní nǹkan bí oṣù kẹjọ, tó sì kún fún ẹrọ̀fọ̀. Èkejì ni omi dúdú, tó ti òkè Gínì gbéra, tó gba ilẹ̀ Málì kọjá, tó ti fi ẹrọ̀fọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́nà, tó sì ń dé ní nǹkan bí oṣù kọkànlá. Láàárín ọdún kan, omi adágún a máa lọ sókè sódò tó bíi mítà mẹ́wàá. Ẹja ń rí àwọ̀n nínú omi tó mọ́, kì í rí i nínú omi ẹlẹ́rọ̀fọ̀. Nítorí náà, ẹni tó dẹ àwọ̀n nínú omi funfun lọ́dún yìí, tó wá dẹ ẹ́ nínú omi dúdú lọ́dún tó ń bọ̀, kò ka ẹja. Omi ló kà. Ìdí nìyí tí kíkà fi gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ tó ti mọ́ ọn lára, bíi ti ọdún ìbílẹ̀.

Ní ọdún 1975, iṣẹ́ ìwádìí tó wà ní etí adágún náà di ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí ìjọba; ní ọdún 1987 ó di ilé ìwádìí ẹja omi aláìníyọ̀ fún gbogbo Nàìjíríà, ní New Bussa. Láti 1993 dé 2001, Nàìjíríà àti Jámánì jọ ṣe iṣẹ́ kan níbẹ̀, tí àwọn akọ̀wé fi ń jókòó ní èbúté, tí wọ́n sì ń ka abúlé, ọkọ̀ àti àwọ̀n. Ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ yẹ ní kíkà lẹ́ẹ̀mejì. Ní àárín àwọn ọdún 1990, ẹja tó ń jáde lọ́dún ti ju 30,000 tọ́ọ̀nù lọ. Ẹni tó bá gbé iye yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ 28,000 ti ọdún 1970 yóò sọ pé adágún ti padà bọ̀ sípò. Kò padà. Ẹja pẹlẹbẹ funfun ló pọ̀ lọ́jọ́ kìíní; ẹja wẹ́wẹ́ bí ìka ló gba ipò iwájú lọ́jọ́ kejì, èyí tí wọ́n ń fi àwọ̀n fífà olójú bíi ti àwọ̀n ẹ̀fọn wọ́ láti inú omi wá sí etí rẹ̀. Àwọ̀n yìí ń kó oúnjẹ ẹja eléyín, ó sì ń kó ọmọ ẹja ńlá mọ́ ọn. Ìjọba ìpínlẹ̀ Niger àti ti Kebbi fòfin de àwọ̀n fífà náà nígbà tí ọgọ́rùn-ún ọdún ń parí lọ. Òfin náà kò bọ́ láti ojú ọ̀run. Ìwé èbúté ló bí i. Ouémé àti Kainji, odò kan àti adágún kan, sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún wa lẹ́ẹ̀mejì.

Ó ku adágún kan tí a kò lè fò, bó tilẹ̀ jìnnà sí wa: Victoria, tó wà láàárín Ùgáńdà, Kẹ́ńyà àti Tàǹsáníà, tó sì fẹ̀ tó nǹkan bí 68,000 kìlómítà níbùú lóròó. Capitaine kò sí níbẹ̀ rí. Nínú Ouémé, nínú odò Ọya àti nínú adágún Chad, ọmọ onílé ni capitaine. Òun àti àwọn tó ń jẹ ti jọ gbé pẹ́, wọ́n sì ti mọ ọgbọ́n ara wọn. Ní Victoria, àlejò ló jẹ́. Àwọn òyìnbó amúnisìn ló gbé e wá láti inú adágún Albert ní àárín àwọn ọdún 1950, kó lè sọ ẹja wẹ́wẹ́ tí kò wúlò lójú wọn di ẹran fún ọjà. Ní ọdún 1960, Geoffrey Fryer, onímọ̀ tó mọ àwọn adágún Áfíríkà dáadáa, kọ̀wé tako ète náà. Wọn kò gbọ́. Wọ́n tún dà á sí i ní ọdún 1962 àti 1963.

Ibi tí ìtàn Victoria ti kan ọ̀rọ̀ wa ni ti àwọn tó ń kà. Láti ọdún 1947, ilé ìwádìí kan wà ní Jinja fún orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Láàárín 1969 sí 1971, ọkọ̀ rẹ̀ fa àwọ̀n káàkiri ìsàlẹ̀ adágún, ó sì rí i pé nínú gbogbo ẹja ibẹ̀, bíi mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, ní ìwọ̀n, ló jẹ́ àwọn ẹja kéékèèké aláwọ̀ mèremère tó bá ẹpìyà tan, tí kò sí níbòmíràn láyé. Ọdún 1977 dé, Ẹgbẹ́ Ìlà-Oòrùn Áfíríkà tú ká nítorí ìjà àwọn olórí, ilé ìwádìí àjùmọ̀ní náà sì tú ká pẹ̀lú rẹ̀. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ lákọ̀tun. Àárín àkókò yẹn gan-an, nígbà tí ojú kò pé lára omi mọ́, ni capitaine bú jáde. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ó ti gba adágún. Nǹkan bí igba irú ẹja kéékèèké náà pòórá, gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ ti fojú díwọ̀n rẹ̀. Tí a bá mọ bó ti ṣẹlẹ̀, oṣù sí oṣù, nínú ẹsẹ̀ omi Mwanza, ọpẹ́lọpẹ́ àwọn onímọ̀ díẹ̀ láti Leiden ní ilẹ̀ Netherlands, Frans Witte lára wọn, tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fa àwọ̀n níbẹ̀ ní ọdún 1977. Kì í ṣe capitaine ni wọ́n wá wò. Ó bá wọn lẹ́nu iṣẹ́ ni.

Àwọn kan yóò bi wá pé: ṣé capitaine kò mú owó wá ni? Ó mú un wá. Ilé iṣẹ́ tí ń gé e ránṣẹ́ sí Yúróòpù gba ọ̀pọ̀ ènìyàn síṣẹ́, àwa kò sì ní fi ẹnu kékeré sọ̀rọ̀ oúnjẹ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n nígbà tó jẹ ẹja kéékèèké tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ edé, ó jẹ ẹja wẹ́wẹ́ mìíràn, ó sì ń jẹ ọmọ ara rẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tún padà kó ara wọn jọ ní ọdún 1994 láti dá àjọ kan sílẹ̀ fún ẹja adágún náà, ní Jinja kan náà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ tí ń ránṣẹ́ ohùn sínú omi wá a. Nísinsìnyí, nítorí kí capitaine náà má bàa tán ni wọ́n ṣe ń kà á.

Ẹ jẹ́ kí a wá darí sílé. Tipẹ́tipẹ́ ni wọ́n ti ní i lọ́kàn láti sé Ouémé ní Dogo, ní ilẹ̀ Kétu, fún iná mànàmáná tó tó 128 mégáwáàtì. Dogo-bis ni wọ́n ń pe ètò náà. A kò kọ àròkọ yìí láti tako iná. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń fi tọ́ọ̀ṣì kàwé, a mọ iyì iná. Bí ó bá sì ṣeé ṣe, adágún ńlá yóò wà ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ gíga tí kò ní omi yìí, fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn wa. Àwọn tí ń gbé lẹ́bàá Nangbéto lórí odò Mono ní Tógò, ní agbègbè àwọn ọmọ Ifẹ̀ ẹlẹgbẹ́ wa ti Atakpamé, ti ń bá adágún tiwọn gbé láti ọdún 1987. Wọ́n lè sọ fún wa bí omi tí ìsédò ń tú sílẹ̀ lójoojúmọ́ ti yí àsìkò odò padà títí dé Grand-Popo.

Ohun tí Kainji kọ́ wa nípa Dogo kò ju kan lọ, ó sì ní àkókò tirẹ̀: ìkà àkọ́kọ́ kò ṣeé ṣe lẹ́yìn tí ilẹ̀kùn bá ti tì. Ọdún mẹ́ta ló wà láàárín ìròyìn àkọ́kọ́ ti Liverpool àti oṣù kẹjọ ọdún 1968. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, bí ẹnikẹ́ni tilẹ̀ ní gbogbo owó ayé, kò lè padà lọ wọn ẹja inú odò tí kò sí mọ́. Ouémé ní àkójọ irú ẹja 122 tirẹ̀, ìpìlẹ̀ rere ni. Ṣùgbọ́n orúkọ irú ẹja yàtọ̀ sí iye rẹ̀. Kí adágún tó wà, ó yẹ kí a mọ iye capitaine tó ṣì kù láàárín Dogo àti ìsàlẹ̀ odò, ibi tí òsàn ń kọ́ ìtẹ́ koríko rẹ̀ sí, iye àwọ̀n tó wà ní èbúté kọ̀ọ̀kan, àti bí ojú wọn ti fẹ̀ tó. Tí adágún bá dé, ẹja yóò kọ́kọ́ pọ̀, apẹja yóò ya bò wá láti ibi gbogbo, ọjà yóò sì dùn. Ọdún yẹn gan-an ni àwọn ènìyàn yóò máa béèrè pé kí la tún ń ka ẹja fún.

Àwọn àgbà apẹja ṣì wà létí odò náà tí wọ́n rí capitaine tó ga ju ọmọdé lọ. Àwọn náà jẹ́ ìwé. Ní ọdún ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀, àwa olùkọ́ ìtàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tí ń kọ́ni ní ìmọ̀ ohun abẹ̀mí fẹ́ rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì kejì láti ìparí sí èbúté mẹ́ta, pẹ̀lú òṣùwọ̀n, okùn ìwọ̀n àti ìwé ẹlẹ́ka méjì, Yorùbá lápá kan, Faransé lápá kejì: orúkọ ẹja bí apẹja ti ń pè é, gígùn rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀, irú àwọ̀n tó mú un, iye àwọ̀n tí wọ́n dẹ, àti ọjọ́ tí wọ́n mú un. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì la yàn, nígbà tí omi bá ti fà. Ọjọ́ kan náà la ó sì máa lọ lọ́dọọdún.